Ọmọ Mi, Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́ Ni Aṣòfin

Ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí o ń sọ kiri. Wọ́n ní o fẹ́ díje. Wọ́n ní o fẹ́ di député, kí o máa jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Plateau, ní Abidjan níbí, kí àwọn èèyàn máa dìde fún ọ.

Inú mi dùn sí i. Ọmọ Ànàgó tí a bí sí Treichville, tó dàgbà sínú ariwo Adjamé, tó wá ń ronú àtiṣòfin, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọjà ló gbé àwọn baba wa wá síbí láti Èjìgbò àti Ogbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta àwo, wọ́n ta irin mọ́tò. Wọ́n kọ́lé, wọ́n rán ọmọ lọ síléèwé. Èrò wọn kò dé ibi tí tìrẹ dé yìí.

Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Jókòó kí n bá ọ sọ ọ́. Bí ibì kan bá ta ọ́ létí, fara dà á. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí a rán níṣẹ́ ni aṣòfin. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n rán òun ni, kò ní kánjú lọ láìmọ ohun tí wọ́n rán an. Kò sì ní gbéraga sí ẹni tó rán an.

Wo àwọn alábàárù ọjà Adjamé. Ẹrù tó wà lórí wọn kì í ṣe tiwọn. Wọn kì í tú u wò lójú ọ̀nà. Wọn kì í gbé e sílẹ̀ kí wọ́n jókòó lé e. Bí wọ́n bá gbé e dé ibi tí ẹlẹ́rù wí, iṣẹ́ ti parí. Ẹrù ará ìlú ló máa wà lórí ìwọ náà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a sọ̀rọ̀ kí o tó ti orí rẹ bọ abẹ́ rẹ̀.

Mo bi obìnrin kan tó ń ta aṣọ léèrè ohun tí aṣòfin àdúgbò rẹ̀ ń ṣe. Ó ní, "Ó ra ìrẹsì fún wa nígbà ọdún. Ó sì wá síbi òkú ìyá ọkọ mi." Mo ní, kí ló tún ṣe? Ó dákẹ́. Kò rí òmíràn sọ. N kò bá a wí. Ohun tí wọ́n fi hàn án ló rí. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o fẹ́ lọ, bí ìrẹsì àti òkú nìkan ni o bá mọ̀, má lọ.

Gbọ́ iṣẹ́ náà bó ṣe wà. Ìwé òfin ilẹ̀ Côte d'Ivoire yìí, èyí tí àwọn ará ìlú dìbò fún ní oṣù kẹwàá 2016, sọ pé ilé aṣòfin ni yóò dìbò sórí òfin. Òun ni yóò fọwọ́ sí owó orí kí ẹnikẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa. Òun ni yóò máa ṣọ́ ohun tí ìjọba ń ṣe, tí yóò sì máa yẹ ètò ìjọba wò bóyá ó ṣe aráyé láǹfààní. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn. Wọn kò kọ ìrẹsì síbẹ̀. Wọn kò kọ pósí síbẹ̀.

Ilé méjì ló wà. Sénat ni ilé àgbà. Èèyàn 99 ló wà níbẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò sí i. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú àti ti agbègbè ló ń yan 66 nínú wọn, ààrẹ sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan 33. Ilé kejì ni ti àwọn député, àwọn 255. Ti wọn yàtọ̀. Ará ìlú fúnra wọn, ìyá aláta àti awakọ̀ gbákà, ló ń tò sórí ìlà láti yàn wọ́n, ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí ilé méjèèjì kò bá fẹnu kò lórí òfin kan, tí àdéhùn kò sì ṣeé ṣe, ilé àwọn député ni ìjọba lè ní kó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ṣé o rí i? Àwọn tí ojú títì yàn ni òfin gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹrù náà wúwo.

Ìjókòó ilé náà kì í sì í ṣe ọjọ́ kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kejìlá ni, lọ́dọọdún. Oṣù mẹ́sàn-án. Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ń pè ọ́ lónìí, ètò ìṣúná ń dúró dè ọ́ lọ́la. Ìwé tí wọ́n á kó síwájú rẹ máa ga ju àwo oúnjẹ rẹ lọ. Ọmọ mi, ṣé o máa ń kàwé? Ìwé tí kò ní àwòrán? Bí o kò bá lè ka ogójì ojú ìwé láìgbé fóònù, iṣẹ́ yìí kò tíì tó ọ ṣe. Ẹni tí kò ka ètò ìṣúná tó wá nawọ́ sókè fún un, ó ti fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀. Ilé ìwòsàn abúlé kan lè ti bọ́ kúrò nínú ìwé náà kó má fura.

Ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ Abidjan gbọ́dọ̀ mọ̀. Kó tó di 1946, ipá ni àwọn Faransé fi ń kó èèyàn lọ síṣẹ́. Wọ́n ń kó wọn lọ la ọ̀nà, wọ́n ń kó wọn lọ sí oko kòkó àti oko kọfí àwọn òyìnbó. Àgbẹ̀ dúdú tó ní oko tirẹ̀ kò rí òṣìṣẹ́. Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa kó. Ìyà yìí kò mọ sí ilẹ̀ yìí. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu àti Sakété, nílẹ̀ Dahomey ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà nítorí rẹ̀.

Félix Houphouët-Boigny wà nílẹ̀ nígbà náà. Dókítà ni. Àgbẹ̀ ni. Olóyè ni. Ní 1944 òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ní 1945 wọ́n dìbò yàn án lọ sí ilé aṣòfin Faransé ní Paris. Wọ́n rán an níṣẹ́, iṣẹ́ náà sì yé e. Ní oṣù kẹrin 1946, ilé náà fọwọ́ sí òfin tó gbé wá: iṣẹ́ àfipáṣe di èèwọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé lókè òkun. Òfin kúkúrú ni. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin náà títí dòní. Ìlà díẹ̀ lórí ìwé bọ́ àjàgà lọ́rùn àìmọye èèyàn, láti ibí dé Brazzaville, títí kan àwọn ará Kétu tí kò rí i sójú rí.

Ìrẹsì wo lo lè pín tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yẹn?

Má kánjú kúrò níbẹ̀ o. Wo ohun tó ṣáájú. Ọdún 1925 ló jáde nílé ẹ̀kọ́ dókítà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń tọ́jú aláìsàn láti ìlú dé ìlú. Lẹ́yìn náà ló gba oyè ìdílé rẹ̀. Ó dáko. Ó rí egbò lẹ́yìn àwọn tí wọ́n fipá kó. Nígbà tí yóò fi dé Paris, ẹni nǹkan bí ogójì ọdún ni. Ohun tó lọ sọ níbẹ̀, kò kà á nínú ìwé ìròyìn. Ojú rẹ̀ ló ti rí i. Sùúrù ni baba ìwà, ọmọ mi. Kì í ṣe sùúrù ọ̀lẹ tó jókòó tí ń retí kí nǹkan já lulẹ̀. Sùúrù ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀ ni.

Bí o bá sì jẹ́ obìnrin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ibi kan wà tí kì í ṣe tìrẹ. Ọdún 1965 ni àwọn obìnrin àkọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin yìí: Jeanne Gervais, Gladys Anoma àti Hortense Aka Anghui. Aka Anghui kò wá dán an wò kó sá lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ó di olórí ìlú Port-Bouët, ẹ̀bá òkun níbí, ó sì pẹ́ níbẹ̀ títí dọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń yàn án, wọ́n tún ń yàn án. Ẹni tó bá jíṣẹ́ dáadáa, wọ́n á tún rán an.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ti ìkánjú. Ìwọ nìkan kọ́ ni mò ń bá wí, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ni.

Ní oṣù karùn-ún 1999, ìjọba alágbádá padà sí Nàìjíríà. Ilé aṣojú-ṣòfin ní Abuja fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kano jẹ olórí. Salisu Buhari lorúkọ rẹ̀. Òfin ìgbà náà sọ pé ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún ló lè díje. Tirẹ̀ kò tíì pé. Ó ku díẹ̀. Ó bá bu ọdún lé ọdún rẹ̀. Ó tún ní òun gboyè ní yunifásítì Toronto. Kò gba oyè kankan níbẹ̀. Ìwé ìròyìn kan tú àṣírí náà. Oṣù méjì kò pé tó fi bẹ ilé, tó fi ipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ìjọba dárí jì í lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n ta ló ti gbàgbé? Orúkọ tí ì bá máa tàn di ohun tí a fi ń kìlọ̀ fọ́mọ.

Rò ó wò. Ọdún kan péré. Bó bá dúró, ọdún á pé. Bó bá lọ kàwé, oyè á dé. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn wà ní Nàìjíríà kan náà tí wọ́n rí i pé ọgbọ̀n ọdún ti pọ̀ jù. Wọn kò ṣẹ́ ìwé. Wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin, wọ́n rìn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, wọ́n bẹ̀, wọ́n ṣàlàyé. Àbá òfin náà la ilé méjèèjì kọjá. Ó la ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2018, ààrẹ fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, ẹni ọdún 25 lè díje sí ilé aṣojú-ṣòfin. Àwọn kan fo ògiri, wọ́n ṣubú. Àwọn kan kan ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ọ̀rọ̀ ọdún kan náà ni.

Tìrẹ ní Abidjan níbí ńkọ́? Ìwé rẹ dà? Mi ò ní kí o fi ọgbọ́n dá mi lóhùn. Bí baba tàbí ìyá rẹ bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni ọ́. Lọ gba ìwé rẹ, kí o tọ́jú rẹ̀. Bí ìjọba ló sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ yìí nígbà tí o dàgbà, gbọ́ ohun tí òfin wí: ọdún márùn-ún ni wàá kọ́kọ́ dúró kí o tó lè dìbò, ọdún mẹ́wàá kí o tó lè gba ipò tí a ń dìbò sí. Mo mọ ọmọ kan tó gbọ́ èyí tó bínú. Ó ní ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí òun sí, kí ló dé tí wọ́n ń dá òun dúró. Ó ń wá ẹni tí yóò bá òun yí déètì padà. Baba rẹ̀ pè é wọ yàrá. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ orúkọ yìí ní ọjà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lo fẹ́ fi wó o?" Ọmọ náà sinmi. Ó ń ka ọdún rẹ̀ báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ láàárín àdúgbò. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí o bá kó èérí bá orúkọ, ilé náà ni wọ́n máa wò.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni ìgbéraga. Ìkánjú máa ń ba èèyàn jẹ́ kó tó débẹ̀. Ìgbéraga máa ń dúró de èèyàn lórí àga.

Láti ìgbà òmìnira ní 1960, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, PDCI, ló ń to orúkọ àwọn aṣòfin sórí ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ó ti wọlé. Kò nílò kó kí ẹnikẹ́ni. Mo rí ọ̀kan nínú wọn nígbà náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ń kọjá ní abúlé rẹ̀, kì í dúró. Àgbàlagbà tó bá wà lójú ọ̀nà, eruku ló fi ń kí i. Àwọn tó wá bá a ní Abidjan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa rí. Ó rò pé àga náà ti di ti baba òun.

Ní 1980, nǹkan yí padà. Houphouët, tó ti di ààrẹ nígbà náà, ní kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jáde, kó jáde. Àwọn tó jáde lé ní 600, àga kò ju 147 lọ. Ọkùnrin wa sáré délé. Ó ń bọ ọwọ́. Ó ń béèrè ìyá, ó ń béèrè ọmọ. Àwọn àgbà gbà á lálejò, wọ́n bu omi fún un, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n yan olùkọ́ kan tó ń gbé láàárín wọn. Òun nìkan kọ́ ló ṣubú lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ lórí àga ni kò padà. Philippe Yacé pàápàá, tó ti ń ṣe olórí ilé láti ìgbà òmìnira, fi àga olórí sílẹ̀ fún Henri Konan Bédié. Ẹni tó gẹṣin, bó pẹ́ bó yá, yóò sọ̀.

Ẹni tó ń sáré kiri ilé rẹ lónìí kì í ṣe ìfẹ́ rẹ nìkan ló ń sáré sí. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́; àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Tọ́jú àwọn tó ń bá ọ wí. Má fi àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ rọ́pò wọn.

Gbọ́ èyí náà. Ìgbéraga kì í jẹ́ kí èèyàn fẹ́ wà láàárín àwọn tí kò pọ̀. Ó fẹ́ wà níbi tí ariwo pọ̀ sí. Ní oṣù kọkànlá 1990, ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ kọ́kọ́ jọ díje nínú ìbò àwọn aṣòfin láti ìgbà òmìnira. Àga jẹ́ 175. PDCI mú 163. FPI tó jẹ́ ti Laurent Gbagbo mú mẹ́sàn-án. Francis Wodié, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin, wọlé láti Cocody. Òun nìkan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nínú ilé yẹn. Fojú inú wò ó. O jókòó, o wo ọ̀tún, o wo òsì, kò sí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ. Bí o bá dìbò, o mọ̀ pé wọ́n máa borí rẹ. Kí ni wàá wá ṣe?

Iṣẹ́ rẹ ni wàá ṣe. Wàá dìde, wàá sọ̀rọ̀, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Wàá bi mínísítà léèrè, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹni tó nìkan wà lè ṣẹ́gun lórí ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ kò ronú kàn. Mi ò sọ pé kí o ṣe ẹgbẹ́ yìí tàbí kí o ṣe tọ̀hún. Ìyẹn kò kàn mí. Ohun tó kàn mí ni kí o má sá tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ nítorí pé ó tutù níbẹ̀.

Wàá ní, "Ṣebí ẹ ní ìránṣẹ́ ni mí? Ẹni tó rán mi ńkọ́?" O béèrè dáadáa. Òfin ilẹ̀ yìí sọ pé aṣòfin kọ̀ọ̀kan, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣojú fún. Kì í ṣe abúlé rẹ nìkan. Ó sọ pé ìbò rẹ, tìrẹ ni. Kò sẹ́ni tó lè fi àdéhùn dè ọ́ pé báyìí ni wàá máa dì í. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Fi ọgbọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà. Gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ wí, gbọ́ ohun tí àdúgbò rẹ wí, kí o sì bi ara rẹ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ń dàgbà ní Korhogo tàbí San-Pédro bí òfin náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí o bá tako ẹgbẹ́ rẹ, sọ fún wọn lójú. Má lọ sọ ọ́ lẹ́yìn.

Òfin dáàbò bo aṣòfin. Ohun tí o bá sọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ àti bí o ṣe dìbò, wọn kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ mú ọ. Nígbà ìjókòó, bí wọn kò bá ká ọ mọ́ ìdí ọ̀ràn, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé kí wọ́n tó lè mú ọ. Wọn kò fún ọ ní ààbò yìí kí o máa bú àgbà. Wọn kò fún ọ kí o máa jẹ gbèsè, kí o máa lé awakọ̀ wórò-wórò kúrò lójú títì. Wọ́n fún ọ kí ẹ̀rù má bà ọ́ láti sọ òótọ́. Ẹni tó bá fi ààbò yẹn hu ìwà ìpáǹle ti ta asà ogun, ó fi owó rẹ̀ mutí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n n kò ní fò ó.

Ọjọ́ tí o bá wọlé ìbò, ilẹ̀ kò ní mọ́ tán kí èèyàn tó kún ẹnu ọ̀nà rẹ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹni tó fẹ́ sanwó ilé. Ẹni tó fẹ́ sìnkú, tó fẹ́ pósí, ìrẹsì, mọ́tò àti àga. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyà ló ń jẹ wọ́n. Ojú yóò tì ọ́ láti sọ pé kò sí. Ìwọ yóò fún ti òní, wàá fún ti ọ̀la. Lọ́jọ́ kẹta, wàá jẹ gbèsè. Ẹnì kan yóò wá rẹ́rìn-ín sí ọ. Yóò ní, "Ọlọ́lá, ẹ má dààmú." Yóò san gbèsè náà. Láti ọjọ́ náà, òun ló rán ọ níṣẹ́. Ará ìlú kọ́ mọ́.

Báyìí ni kí o ṣe é. Kó tó di ọjọ́ ìbò, sọ ohun tí o kò ní lè ṣe. Sọ ọ́ lójú agbo, kí ìyá gbọ́, kí ọmọ gbọ́. Sọ pé wàá wá síbi òkú, wàá bá wọn sunkún, ṣùgbọ́n o kò ní máa ra pósí. Sọ pé wàá bi mínísítà ìlera léèrè ìdí tí oògùn kò fi sí nílé ìwòsàn wọn, kí ọmọ má baà kú tí a ó fi wá máa wá pósí. Àwọn kan yóò bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Má ta ilẹ̀ baba rẹ fi polongo ìbò. Má yá owó èlé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó ra ìbò kò rí ẹni tó rán an níṣẹ́. Ó ti san owó wọn tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ bi í?

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù ni mo fi sẹ́yìn.

Ìgbà kan wà tí àwa tí a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ń dìbò ní ilẹ̀ yìí. Títí di 1990, àwọn ará Áfíríkà tó ń gbé níhìn-ín ń tò sórí ìlà pẹ̀lú onílẹ̀. Houphouët tilẹ̀ fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1966, ó fẹ́ kí àwọn ará Upper Volta, Niger àti Dahomey ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ níbí. Àwọn èèyàn rẹ̀ kọ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá 1994, òfin ìbò tuntun dé. Ó ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ló lè dìbò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Onílé ló ni ilé, òun ló mọ ibi tí yóò fi àlejò sí.

Ṣùgbọ́n ọdún 1990 kan náà ni òfin kan jáde lórí àlejò, òun ló gbé káàdì séjour, ìyẹn ìwé ìgbélùú, wá. Gbogbo wa la lọ gbà á. Ìyá tó ń ta ata gbà á. Baba tó ti pẹ́ níbí ju ẹni tó ń bi í léèrè káàdì lọ, ó gbà á. A sanwó rẹ̀. A tò sórí ìlà rẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n tó mú un kúrò lọ́rùn àwa ọmọ CEDEAO, ìyẹn ECOWAS. Nígbà tó ń bọ̀, ẹnì kan nawọ́ sókè fún un nínú ilé ní Plateau. Mo máa ń ronú nípa ẹni náà. Mo máa ń ronú bóyá ó mọ ẹnì kan nínú wa, bóyá ó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan wa rí.

Òfin kì í béèrè káàdì ìdìbò kó tó balẹ̀ sórí èèyàn. Ọmọ ọdún méje kò dìbò, òfin iléèwé ń mú un. Àlejò kò dìbò, owó orí ń mú un. Aláìsàn tí kò lè dìde lọ́jọ́ ìbò, oògùn tí ẹ bá fi sínú ètò ìṣúná ni yóò mu. Àwọn tó yàn ọ́ rán ọ níṣẹ́. Àwọn tí kò lè yàn ọ́ náà wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ. Ẹni tó bá rántí wọn ni mo ń pè ní aṣòfin. Ìyókù, àga ló jókòó lé.

Nítorí náà, má tíì tẹ àwòrán kankan. Gba ìwé òfin ilẹ̀ yìí, kà á tán. Lọ bá àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, pàápàá àwọn tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga; òótọ́ pọ̀ lẹ́nu wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti mairie àdúgbò rẹ, ìyẹn ọ́fíìsì olórí ìlú. Àwọn ọmọ wà ní Abobo àti Yopougon tí kò ní ìwé ìbí. Bí wọ́n bá dé ìparí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdánwò yóò di ogun sí wọn lọ́rùn nítorí ìwé yẹn. Mú òbí wọn lọ sílé ẹjọ́, bá wọn tò, bá wọn gba ìwé náà. Ṣe é nígbà tí kò sí kámẹ́rà. Ṣe é nígbà tí kò sí ìbò. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Bí ó bá sú ọ, o ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tìrẹ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Bí kò bá sú ọ, wá bá àwa àgbà.

A kò ní ìbò tí a ó fún ọ. Orúkọ tí a fi ọjà kọ́ nílẹ̀ yìí la ní. A ó gbé e lé ọ lọ́wọ́, a ó sì súre fún ọ. Má jẹ́ kó bàjẹ́.